Ẹni Tó Dé Kẹ́yìn Ni Kó Kọ́kọ́ Sọ̀rọ̀

Ẹ fún mi láyè kí n sọ nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi l'Ákùúrẹ́, kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí Èkìtì yà kúrò lára wa. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀.

Ilé ìtẹ̀wé kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ Oǹdó ni ọ̀gá wa obìnrin, Màmá là ń pè é. Èmi ni mo dé kẹ́yìn níbẹ̀. Tí mo bá ṣíwọ́, kíláàsì àwọn àgbà ni mò ń lọ nírọ̀lẹ́, torí ìyàwó mi, tó ti dolóògbé báyìí, ti fi dandan lé e pé kí n gba ìwé ẹ̀rí girama.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Màmá pè wá jọ. Ó ní ìrọ̀lẹ́ ni NẸ́PÀ ń mú iná wá, òun fẹ́ ká máa wọṣẹ́ lọ́sàn-án, ká ṣíwọ́ lálẹ́. Kí la rí sí i?

Bàbá Ìjàrè, àgbà wa, ló kọ́kọ́ lanu. "Ohun tẹ́ ẹ bá ti sọ, Màmá, abẹ gé." Gbogbo wa ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Kíláàsì mi ti lọ nìyẹn.

Màmá wò wá títí. Ó ní ẹnu wa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ojú wa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó dé kẹ́yìn ni yóò máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Há, Màmá, ẹnu àgbà lobì í gbó sí," ni Bàbá Ìjàrè wí.

"Tiyín ti gbó, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká tọ́ tọmọdé wò."

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, mò ń lọ sílé ìwé nírọ̀lẹ́. 

Ni ọ̀rọ̀ bá tú jáde. Àwọn ará Ìgbàrà-Òkè ní àwọn ò ní rí bọ́ọ̀sì padà sílé. Bàbá Ìjàrè fúnra rẹ̀ ní ojú òun kì í ríran dáadáa lálẹ́. A rẹ́rìn-ín títí.

A wá fẹnu kò: iṣẹ́ àárọ̀ ò yí padà, ṣùgbọ́n àwa tílé wa ò jìnnà yóò máa pín ìrọ̀lẹ́ ṣe. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló kàn mí, mo sì pàdánù kíláàsì ọjọ́ náà. Kò dùn mí. Ẹnu mi wà nínú rẹ̀.

Ìyàwó mi ò kọ́kọ́ gbà gbọ́. "Ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀? Ẹ̀yin tí mo bá bi bóyá ọbẹ̀ níyọ̀, tó jẹ́ orí lẹ máa mì?" Ó wà láyé nígbà tí mo gba ìwé ẹ̀rí náà.

Níbi tí mo wà báyìí, wọ́n á kàn lẹ àṣẹ mọ́ ara ògiri ni. Ọkàn mi ṣì máa ń lọ sọ́dọ̀ Màmá.

Kò dìgbà tí òṣìṣẹ́ bá rí gbogbo ohun tó fẹ́ kí inú rẹ̀ tó dùn. Kí wọ́n bi í, kí wọ́n sì dúró gbọ́ ọ. Ẹ̀yin ńkọ́? Ìgbà wo ni wọ́n bi yín kẹ́yìn níbi iṣẹ́ yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, màá kà á.