Ìyá Ìyàwó Mi Nínú Mọ́tò Tó Ń Bá Ibòji Rìn

Ẹ jẹ́ kí n ro ohun tójú mi rí níbi iṣẹ́ wa ní Àbẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì fún yín o. Ẹni bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín. Èmi ti sunkún tèmi tán!

Ẹ mọ òòrùn Òṣogbo. Mọ́tò tó bá wà nínú ẹ̀ látàárọ̀ ti di ààrò. Tẹ́lẹ̀, bá a bá ti parí iṣẹ́, kálukú á tan mọ́tò ẹ̀ sílẹ̀, á fi AC sí i, á wá dúró síta kó lè tutù. Èéfín á gba gbogbo ọgbà. Èéfín yẹn náà ló sì ń mú kí ayé túbọ̀ gbóná! Ṣé kì í ṣe pé à ń dáná sun ara wa?

Wàsíù tá a jọ wà ní ọ́fíìsì ló ní ká máa páàkì sábẹ́ igi máńgòrò. Ó dáa, àmọ́ ṣé ibòji máa ń jókòó sójú kan ni? La bá fẹnu kò pé ká máa fi jíà sí fírì kí táyà lè máa yí, kí ẹni tó bá ráyè máa ti mọ́tò tẹ̀ lé ibòji. Kò sí pé à ń tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ má rín wa fín o, ó ṣiṣẹ́!

Màmá ìyàwó mi wá kí wa láti Iléṣà. Lọ́jọ́ tí mo lọ gbé wọn, ìjókòó mọ́tò jó wọn nídìí. Ojú tì mí! Wọ́n ní bó bá tún gbóná bẹ́ẹ̀, takisí làwọn máa wọ̀ padà sílé, gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló sì máa gbọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ẹ mọ̀ pé èyí kì í ṣe àwàdà.

Lọ́jọ́ Ẹtì tí wọ́n fẹ́ padà, mo kọ́kọ́ gbé wọn wá sí Àbẹ̀rẹ̀. Mo fi mọ́tò sábẹ́ máńgòrò, mo fi jíà sí fírì bá a ṣe máa ń ṣe, mo ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, atẹ́gùn ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Màmá na ẹsẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò, oorun gbé wọn lọ. Mo ní kí n yára parí iṣẹ́ díẹ̀.

Ìgbà tí mo jáde, kò sí mọ́tò, kò sí Màmá!

Mo figbe ta pé àwọn olè ti jí ìyá ìyàwó mi gbé! Àwọn ẹ̀ṣọ́ sáré ti géètì pa. Kí ni mo fẹ́ wí fún ìyàwó mi? Pé mo gbé ìyá ẹ̀ sábẹ́ igi, mi ò bá wọn mọ́?

Mo sáré yí ẹ̀yìn kántíìnì. Ibẹ̀ ni ibòji ti rìn dé! Wàsíù àti àwọn mẹ́ta ń ti mọ́tò, òógùn bò wọ́n. Màmá jókòó sẹ́yìn bí olorì, wọ́n ń juwọ́ sí gbogbo èèyàn, wọ́n ń ṣàdúrà fún àwọn tó ń tì í. Màmá ní mọ́tò mi ò dùn tó báyìí rí.

Ọkàn mi balẹ̀. Mo mú kọ́kọ́rọ́ jáde. Ni Màmá bá pariwo pé kí ni mo fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ṣe? Ṣé àwọn ọmọ wọ̀nyí ò lè tì í dé Iléṣà ni?

Wàsíù jókòó sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́: ẹ wá ibòji, ẹ fi páálí dí gíláàsì iwájú, ẹ ṣí fèrèsé kí ooru jáde kẹ́ ẹ tó ronú AC. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ìyá ìyàwó yín mọ̀ pé mọ́tò lè rìn láìtan ẹ́ńjìnnì! Màmá pè mí láàárọ̀ yìí. Wọ́n ń bọ̀, àwọn àti ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ, wọ́n sì ní kí n kí Wàsíù. Wàsíù ti kọ̀wé gbàsinmi.

Ẹ̀yin ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń bá ooru mọ́tò yín jà? Ẹ sọ ọ́ síbí o, ẹ jọ̀ọ́, kí n rí nǹkan wí fún Màmá.