Ojú Bàbá Kọ́ Ló Bàjẹ́

"Ọjọ́ orí kẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó wa, ẹ má sọ ìyẹn sí mi létí. Ojú tó ń ka ìròyìn láàárọ̀ ọjọ́ tí mo jáde nílé, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló fi darúgbó?"

Aránṣọ ò tíì sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀. Ó ti lọ rán aṣọ iléèwé ní ìlú kejì, ẹnu ọ̀nà ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti pàdé rẹ̀, ó ní kó má bẹ̀rù o, Bàbá ò lè kàwé mọ́, bí àgbà ṣe máa ń rí náà nìyẹn.

Ó wọ yàrá. Bàbá jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ti fi aṣọ tábìlì bo ojú kọ̀ǹpútà náà bí ẹni bo ìkòkò tó ti tán. Ìgò oògùn ojú kékeré kan wà lórí àga.

"Ẹ káàsán, Bàbá."

"Káàbọ̀, ìyá mi. Má wulẹ̀ tan nǹkan yẹn. Ojú ti parí iṣẹ́ rẹ̀."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Ó ní kí n máa kán èyí sí i láàárọ̀ lálẹ́. Ọmọ dáadáa ni."

Kí ẹ lè mọ ohun tó ká Aránṣọ lára, ẹ kọ́kọ́ mọ Bàbá. Ọgbọ̀n ọdún ló fi to lẹ́tà òjé, èyí tí wọ́n fi ń tẹ ìwé, ní ilé ìtẹ̀wé. Láti ẹ̀yìn wá síwájú ni wọ́n ń to lẹ́tà òjé, síbẹ̀ Bàbá á dúró ní òdìkejì tábìlì, á ní, "Ẹ wo ìlà kẹrin, lẹ́tà kan ti sùn." Nígbà tí ojú wá ń rẹ̀ ẹ́, tí gíláàsì ojú ò ràn án lọ́wọ́ mọ́, Aránṣọ ọmọ rẹ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ náà lérí. Kò kàwé púpọ̀. Bó ṣe máa ń tú aṣọ àlòkù láti mọ bí wọ́n ṣe gé e, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe kọ́ kọ̀ǹpútà: ó ń tú u, ó ń rán an. Ó mú búráúsà tó ti wà nínú kọ̀ǹpútà náà látìgbà tí wọ́n ti rà á, èyí tí wọ́n fi ń ṣí ojú-ewé íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sọ ilẹ̀ rẹ̀ di dúdú, ó sọ lẹ́tà rẹ̀ di yẹ́lò, ó fẹ̀ ẹ́ títí lẹ́tà kan fi tó ẹyin adìẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń wọn lẹ́tà sí ojú Bàbá bí ẹni wọn bùbá. Láti ìgbà náà ni Bàbá ti ń dá kàwé.

Ó ká aṣọ tábìlì kúrò, ó tan kọ̀ǹpútà, ó tẹ búráúsà náà. Ojú búráúsà náà funfun fìrí, ó sì kú. Ó tún un tẹ̀. Ó tún kú. Búráúsà tuntun kan wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ṣí ìyẹn, lẹ́tà inú rẹ̀ tò lọ bí èèrà.

"Ta ló fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yìí?"

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ti tẹ̀ lé e wọlé, ń wo èékánná. "Injiníà náà ni. Ó ní ó ń fà."

Injiníà ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n, torí pé ó tún fáànù kan ṣe lọ́dún kan. Fáànù ọ̀hún ò pẹ́ tó fi kú. Orúkọ ló kù. Aránṣọ pè é lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ṣe sí búráúsà Bàbá?"

"Mo bá a pa fódà búráúsà náà rẹ́ ni, àpò tí wọ́n kó o sí, ọjọ́ tó o lọ. Ó ń jẹ àyè. Mo fi tuntun síbẹ̀."

"Ìgbà wo lẹ wá mọ̀ pé ohun tẹ́ ẹ pa rẹ́ ni Bàbá fi ń kàwé, pé kì í ṣe ojú wọn ló bàjẹ́?"

"Ọjọ́ kẹta. Èmi fúnra mi tẹ̀ ẹ́, mo rí i pó ń kú. Àmọ́ mo ti ra oògùn nígbà yẹn. Ṣé kí n wá máa dọ̀bálẹ̀ torí búráúsà? Tún un ṣe jẹ́ẹ́. Tó bá ti dáa, Bàbá á ní oògùn ló ṣiṣẹ́, kálukú á sinmi."

Ẹ ò rí nǹkan? Nínú ilé yẹn, àbúrò kì í tú àṣìṣe àkọ́bí síta níwájú Bàbá. Wọ́n ní ó ń já àgbà kulẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni Aránṣọ nígbà tí ẹ̀gbọ́n fọ́ gíláàsì àtùpà, òun ló kúnlẹ̀ tó na apá sókè. Kò tíì dìde kúrò lórí orúnkún yẹn títí di òní.

Ó bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Ó kọ́kọ́ lọ ṣe àdàkọ irú fódà yẹn láti orí kọ̀ǹpútà ẹni tó ń ta oògùn òyìnbó ní òdìkejì títì, ó gbé e wá. Kò bára mu. Bí ẹni rán apá aṣọ ẹnì kan mọ́ èjìká ẹlòmíì ni. Ó bá wọ inú ètò kọ̀ǹpútà lọ, níbi tí orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ tò sí. Ó rí búráúsà náà. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nídìí rẹ̀: yọ ọ́ kúrò, tún un ṣe. Wọ́n sún mọ́ra débi pé ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ó tẹ èyí tó ní kó tún un ṣe. Kọ̀ǹpútà dáhùn pé òun á lọ mú ohun tó sọnù wá, òun ò sì ní fọwọ́ kan ẹrù oníǹkan.

Ìlà kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú kọ̀ǹpútà bí ìgbín. Bó ṣe ń wò ó, ó ń ro ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bàbá ti ń dágbére fún ojú rẹ̀. Ó ti fi gíláàsì ojú rẹ̀ tọrẹ. Èèyàn lè fara da ojú tó ń kú, torí kò sẹ́ni tí kò ní í kú níbì kan kó tó kú tán. Àmọ́ kí wọ́n máa sin ojú tó ṣì wà láàyè, kí olójú fúnra rẹ̀ máa bá wọn ru pósí, ẹjọ́ ta lèyí?

Ìlà náà dé òpin. Ó tẹ búráúsà. Ilẹ̀ dúdú, lẹ́tà yẹ́lò, ẹyin adìẹ! Ilé ni ẹ̀gbọ́n wó, ẹrù Bàbá wà níbòmíì, mìmì kan ò mì í.

"Bàbá, ẹ bọ̀."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ẹ ṣáà bọ̀."

Ó wá, ó di ẹ̀gbẹ́ tábìlì mú. Ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó ka ìlà kan. Ó ka ìkejì. Ó nàka. "Ta ló to eléyìí? Kò fi àmì ìdánudúró síbí."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Àsìkò yẹn ni Injiníà wọlé, ìgò oògùn tuntun lọ́wọ́. Bàbá gbá a mọ́ra. "Ọmọ mi, oògùn ẹ ti là mí lójú! Ojú tìẹ náà ò ní í fọ́."

"Àmín, Bàbá. Ẹ máa kán an lọ." Ó ṣẹ́jú sí àbúrò rẹ̀.

Aránṣọ dìde.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé àmín yẹn mì. Ẹ gbé ìgò yẹn sílẹ̀, kẹ́ ẹ kọjú sí Bàbá. Ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́ fún wọn: ta ló pa búráúsà rẹ́, ta ló sì mọ̀ lọ́jọ́ kẹta pé ojú wọn ò ṣe nǹkan kan, tó ṣì fi wọ́n sínú òkùnkùn fún ọjọ́ mẹ́fà sí i? Ẹ dáhùn. Mo ń dúró."