Igbá Kan Kì Í Ṣe Igba Náírà

Ó dìgbà kan ná o, Màmá Adùnní, Ìyá Ìjọ wa ní Agbowó, ẹ̀yin tí kì í gbẹ́jọ́ ẹnì kan dá!

Kẹ̀kẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta láti Bódìjà, ọ̀sán mẹ́ta gbáko, àti àtẹ̀gùn mọ́kànlá tó dé ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, tí ẹ fi orúnkún tó ń dùn yín gùn lẹ́ẹ̀mẹta, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lápapọ̀: ohun tí ẹ ná láti parí ìjà èmi àti Ìyá Ṣadé nìyẹn. Ẹyọ ohun kan ló kù, ọ̀dọ̀ mi ló sì kù sí.

Àwọn tó wá bá wa ṣọ̀fọ̀ lè má mọ ìdí ìjà náà. Èmi ni akọ̀wé ìjọ. Lọ́jọ́ ìkórè, Ìyá Ṣadé, tó ń ta ẹ̀wà lọ́jà Bódìjà, ru igbá ẹ̀wà ńlá kan wá síwájú pẹpẹ. Ẹni tó ń gba ọrẹ kọ "Mama Sade: igba" sínú ìwé, kò fi àmì kankan sí i. Ẹni tó bá sì ń ro owó ṣáá, gbogbo ọ̀rọ̀ ní í kà sí owó. Mo kéde lórí makirofóònù pé Ìyá Ṣadé fi igba náírà ta ìjọ lọ́rẹ. Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ṣadé dìde, ó jáde, kò sì wá mọ́.

N kò bẹ̀ ẹ́. Mo ní ohun tí mo bá nínú ìwé ni mo kà.

Màmá, ẹ kò fẹjọ́ mi sun pásítọ̀. Èmi nìkan lẹ wá bá, bí Olúwa ti wí. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ rẹ́rìn-ín: "Akọ̀wé, ṣé o ti rí ẹni tó ru igba náírà rí?" Mo tún tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Lẹ́ẹ̀kejì, mo ní ìjọ kò dín kù, èèyàn mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún ló wá sí ìsìn. Ẹ ní, "O ka àwọn tó wá. Ta ni yóò bá wa ka ẹni tí kò wá?"

Lẹ́ẹ̀kẹta, igbá Ìyá Ṣadé lẹ gbé wá, òfìfo. Ẹ gbé e ka orí tábìlì mi, ẹ ní, "Kà á." Mo ní igbá ni. "Mélòó?" Mo ní ọ̀kan. "Ó tán. Gbé e, ká lọ dá a padà."

Itan mi ni mo gbé e lé nínú kẹ̀kẹ́ títí a fi dé ilé rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Ìyá Ṣadé fa àga kan sún mọ́ mi, ó ní, "Akọ̀wé, ẹ rọra jókòó o. Àga yẹn ju igba náírà lọ." Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó padà sí àyè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí a ti ń bọ̀, ẹ ní iṣẹ́ kù. "Gbangba lo ti dójú tì í, gbangba ni kó o ti bẹ̀ ẹ́. Ìwé ló dá ìjà yìí sílẹ̀, má fi ìwé parí rẹ̀. Ẹnu ni." Mo ṣèlérí. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi ń sún un síwájú. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí mo bá ti ka ìkéde tán, ẹ óò na ìka kan sí mi láti ìjókòó yín: ó ku ẹyọ kan. Lọ́sẹ̀ kẹjọ, ìjókòó yín ṣófo.

Gbogbo ìjọ ló ń ka èyí nínú ìwé ètò ìsìnkú yín, Ìyá Ṣadé náà ń kà á. Ṣùgbọ́n ìwé ni, n kò kà á kún. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà rí ibi sá sí ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi ìdúpẹ́ ìsìnkú yín, kí n tó ka ìkéde kankan, ẹnu mi ni n óò fi bẹ̀ ẹ́.

Ẹ sùn re o, Màmá, ṣùgbọ́n ẹ má tíì ká ìka yín. Ó ku ẹyọ kan.