Don Gildo, Ẹni Tí Kò Jẹ́ Kí Eré Parí

Mo fi ewú orí mi búra, òótọ́ pọ́ńbélé ni ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí, láti orí dé ìrù. Ẹni tó bá ní mo bu iyọ̀ sí i kò mọ Don Gildo ni. Iyọ̀ tó wà lára ọkùnrin náà ti pọ̀ jù fún ìkòkò kan.

Lọ́jọ́ Sunday tó kẹ́yìn oṣù kẹjọ, ọdún 1978, òjò rọ̀ sí pápá ìṣeré San Telmo. Oòrùn ọjọ́ náà mú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aláǹgbá fi sá wọ abẹ́ àga àwọn òǹwòran. Kò sí ìkùukùu kan lójú sánmà. Síbẹ̀ omi bo pápá, ó dé kókósẹ̀, ó dé ojúgun, bàtà kan sì ń léfòó lọ bí ọkọ̀ apẹja. Òjò náà kò ti òkè wá. Abẹ́ ilẹ̀ ló ti rọ̀.

Bí ọ̀ràn ṣe jẹ́ nìyí. Eré bésíbọ́ọ̀lù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwa ní àmì mẹ́rin, àwọn ará etíkun tí à ń bá díje náà ní mẹ́rin. Baldomero Cházaro, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Àgbọ̀nrín nítorí eré ẹsẹ̀ rẹ̀, wà ní ibùdó kẹta. Mítà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n péré ló kù kó sá, kó fi dé pátákó rọ́bà funfun tí àwọn eléré ń pè ní ilé. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kan ibẹ̀, eré parí, San Telmo borí. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé bí eré náà bá ti parí, ẹgbẹ́ wa náà parí. Don Evaristo Lizárraga, olówó tó ni ẹgbẹ́, ti kéde pé òun ń kó ẹgbẹ́ wa, àwọn Zafreros, lọ sí Almagre, ìlú aṣálẹ̀ kan ní àríwá, níbi tí wọ́n ti kọ́ pápá tuntun dè é. Ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta ti wà lẹ́nu géètì, ẹ́ńjìnnì wọn ń kùn bí ajá tó ń dúró de eegun.

Ibẹ̀ ni Don Hermenegildo Utrera, olùtọ́jú pápá tí gbogbo wa ń pè ní Don Gildo, ti gba ẹ̀yìn ògiri lọ síbi páìpù ńlá tó ń gbé omi bọ̀ láti tánkì ilé iṣẹ́ ṣúgà. Ó yí ọwọ́ páìpù náà títí kò fi ṣeé yí mọ́.

Rẹfirí, Señor Tejeda, ká ṣòkòtò sókè, ó wọ́ omi já wá bá a.

"Don Gildo, kí lèyí?"

"Òjò ni, ọ̀gá."

"Òjò bí ti báwo? Ẹ wo òkè!"

"Kí ni mo fẹ́ wo òkè fún? Ilẹ̀ ni iṣẹ́ mi. Ilẹ̀ sì ní òun ti yó."

"Ẹ pa omi yìí, mo ní!"

"Ọwọ́ ẹ̀ ti já." Ó na irin náà sí i bí ẹni tó ń fún ìyàwó ní òdòdó. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ìwé òfin yín ńkọ́? Ojú ìwé kejìlélógójì. Bí omi bá bo pápá tí eré sì wà ní ọ̀mì, eré ò parí, ó dúró ni. Pápá yẹn náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ padà wá parí ẹ̀ sí."

Señor Tejeda wo omi, ó wo ìwé, ó wo ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ èèyàn tó ti dìde dúró. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè: eré dúró. Báyìí ni ẹni tí kò lè ka nǹkan kan ju orúkọ ara rẹ̀ lọ ṣe fi ìwé na ọ̀mọ̀wé.

Baldomero ló figbe ta láti ibùdó kẹta, omi ti kún bàtà rẹ̀.

"Bàbá! A ti ń borí lọ! Ẹ̀yin gan-an lẹ gbà á lọ́wọ́ wa!"

"Ẹni tó bá borí á lọ sílé," ni Don Gildo dá a lóhùn. "Dúró síbẹ̀!"

Olórí kunkun ni látilẹ̀wá. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi tọ́jú koríko pápá yẹn bí irun ọmọge tó ń relé ọkọ, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé bàtà ìgboro gorí rẹ̀. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù wá wúre fún ẹgbẹ́, Don Gildo dúró sójú ọ̀nà.

"Bàtà, Olúwa mi."

"Ọmọ mi, ṣé o mọ ẹni tí mo jẹ́?"

"Mo mọ̀ yín. Mo mọ Mósè náà. Òun náà bọ́ tiẹ̀."

Bíṣọ́ọ̀bù fi ìbọ̀sẹ̀ wúre, gbogbo ìlú sì rí i pé ìbọ̀sẹ̀ ẹni ọ̀wọ̀ ti lu níbi àtàǹpàkò. Doña Eduviges, ìyàwó Don Gildo, a máa sọ pé, "Ká ní koríko ni mí ni, ǹ bá ti jèrè ọkọ."

Lẹ́yìn ọjọ́ òjò náà, a rò pé Don Evaristo á bẹ̀rù òfin, á kó ẹgbẹ́ padà wá parí eré. Kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ ọjọ́ Monday, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú pápá. Wọ́n tú iná, wọ́n tú àga, wọ́n tú dígí ilé ìyàgbẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ibi pátákó ilé, wọ́n bá Don Gildo tó jókòó lé e lórí. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó. Doña Eduviges ń gbé ẹ̀wà dúdú àti tọ̀tíyà, búrẹ́dì àgbàdo pẹlẹbẹ, wá fún un, ó ń bú u bó ṣe ń bù ú fún un.

Lọ́jọ́ kẹta, Don Evaristo wá fúnra rẹ̀, pẹ̀lú bàtà funfun.

"Gildo, dìde. Rọ́bà lásán lo jókòó lé."

"Bó bá jẹ́ rọ́bà lásán ni, kí lẹ wá ń tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ mi sí? Bí ilé ò bá sí níbí, ibo lẹ fẹ́ padà wá parí eré sí?"

"Gbọ́ mi. Wá ká lọ sí Almagre. Màá fún ẹ níṣẹ́. Koríko tibẹ̀ kì í kú, ike ni wọ́n fi ṣe é."

Don Gildo wò ó láti orí dé bàtà funfun. "Ẹ̀yin àti koríko yín, ẹ yẹ ara yín."

Don Evaristo tutọ́ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n fi rọ́bà náà sílẹ̀ fún wèrè, òun á ra òmíràn. Ọkọ̀ gbéra. Gbogbo ìlú tò sẹ́bàá ọ̀nà, àwọn obìnrin kẹ̀yìn sí ọkọ̀ bí wọ́n ṣe ń kẹ̀yìn sí ẹni tó jalè. Baldomero wà nínú bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn, nítorí ìwé àdéhùn ti dè é. Ó fi fìlà bojú. Ní pápá, Don Gildo gbìyànjú láti dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú, ó ṣubú lulẹ̀ gbà. Láti ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti ní, "Mo borí."

Lọ́dọọdún láti ìgbà náà, ó ń sọ lẹ́tà sí Doña Eduviges létí, ìyẹn ń kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ líìgì: "Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Eré kan wà nílẹ̀ tẹ́ ò tíì parí. Àgbọ̀nrín ṣì wà ní ibùdó kẹta, ẹsẹ̀ ti ń dùn ún. Koríko wà ní sẹpẹ́." Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n fèsì. Wọ́n ní fáìlì eré náà ti wà ní pípadé. Don Gildo ní kí ìyàwó òun kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí wọn: "Ẹ ṣí i."

Ní ti Àgbọ̀nrín, ọdún kejì ní Almagre ni orúnkún rẹ̀ fọ́. Kí wíwú ẹsẹ̀ náà tó sọ̀ ni wọ́n ti lé e. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀ wọ San Telmo lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò yà sílé ìyá rẹ̀, pápá ló kọ́kọ́ lọ. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, mo ti dé. Ẹ jẹ́ n rìn wálé, kó tán."

"Ta ni ọ̀rọ̀ 'kó tán' ń wù?" Don Gildo kò tiẹ̀ gbójú kúrò lára ráàkì tó fi ń wọ́ koríko jọ. "Bó o bá wálé, a borí. Bá a bá borí, ó parí. Bó bá parí, kí ni wọ́n fẹ́ padà wá ṣe?"

"Ta ló ń padà bọ̀, Bàbá?"

"Ìwọ kọ́ lo dúró síwájú mi yìí?"

 Baldomero kọ́ ilé kékeré sẹ́yìn ibùdó kẹta, ó ń bá Don Gildo fa ìlà ẹfun sí pápá. Ní gbogbo Saturday, á dúró lé ibùdó kẹta, á béèrè pé, "Tòní ńkọ́?" Don Gildo á ní, "Kì í ṣe tòní." Wọ́n á wá lọ mu kọfí.

Ọdún 1991 ni ilé iṣẹ́ ṣúgà kú. Ògùlùtu ẹ̀rọ ló kù, ẹnu eéfín rẹ̀ tutù bí ẹnu òkú. Ìrèké gbẹ lóko. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà àríwá lọ wáṣẹ́; Almagre tó kó ẹgbẹ́ wa lọ náà ló tún ń kó ọmọ wa. Nabor, ọmọ kan ṣoṣo tí Don Gildo bí, bá wọn lọ. Ọdún mẹ́ta ló fi ń fi káàdì Kérésìmesì ránṣẹ́. Lọ́dún kẹrin, kò sí káàdì. Ìyá rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì lọ wá a, ó dé àgọ́ ọlọ́pàá, ó dé ilé ìtọ́jú òkú, kò rí òkú, kò rí alààyè. Nígbà tó délé, Don Gildo gbé korobá ẹfun rẹ̀. Ó lọ fa ìlà pápá, ìlà tó fà láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ó tún un fà.

Ọjọ́ yẹn ni Baldomero dẹ́kun bíbéèrè tòní.

Nígbà tó pé ogún ọdún, ojú wá ń ti Don Evaristo. Lọ́dọọdún ni ìwé ìròyìn ń fi í ṣẹ̀sín, wọ́n ń pè é ní olówó tó sá fún òjò. Ló bá háyà bọ́ọ̀sì, ó kó àwọn àgbà eléré ẹgbẹ́ méjèèjì sí i, ó mú kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n dání, ó mú Señor Tejeda tó ti di arúgbó tó ń fi ọ̀pá tilẹ̀. Ó ní àwọn wá parí eré. Inú ìlú dùn! Ọ̀ọ́dúnrún èèyàn tó ṣẹ́kù sí San Telmo ló pé jọ sórí àga tó ti jẹrà. Doña Eduviges gan-an wọ aṣọ tó dáa, nítorí ó ti rẹ̀ ẹ́ láti jẹ́ orogún pápá. Baldomero wọ ẹ̀wù àtijọ́, kò padé mọ́ níkùn, ó dúró lé ibùdó kẹta.

Don Gildo gba ẹ̀yìn ògiri lọ. Ó fi irin yí páìpù. Páìpù húkọ́, ó bi ìpẹtà, ó bi aláǹgbá kan tó ti gbẹ, ó dákẹ́. Ọdún méje ni tánkì ti gbẹ. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín, kámẹ́rà náà rín.

Ó jáde wá pẹ̀lú korobá. Ó lọ síbi kànga, ó fa omi, ó gbé e wá, ó dà á sí iwájú pátákó ilé. Ilẹ̀ gbé e mì. Ó padà lọ. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélàádọ́rin ni. Nígbà tó fi máa di korobá kẹwàá, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́.

"Gildo, ó tó!" ni ìyàwó rẹ̀ ń ké. "Ó tó, mo bẹ̀ ẹ́!"

"Kò tíì dé kókósẹ̀."

"Wàá kú o," ni Don Evaristo wí, ojú rẹ̀ ti ràn. "Mo ti padà wá, kí lo tún ń fẹ́?"

"Ẹ wá parí ẹ̀ ni. Ẹ ò padà wá."

Baldomero wo ilé. Ajubọ́ọ̀lù ti wà níbẹ̀, onígi tó máa gbá a ti wà níbẹ̀, rẹfirí ti wà níbẹ̀. Ohun tó ti ń tọrọ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú ló wà níwájú rẹ̀ yìí, mítà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó wo arúgbó tó ń fa okùn kànga. Ó rántí pé níwọ̀n ìgbà tí eré kò bá tíì parí, ẹni tó lọ, bíi Nabor, ṣì lè wálé. Ó fi ibùdó sílẹ̀, ó ń tiro lọ. Kì í ṣe ọ̀nà ilé ló gbà. Ó gbé korobá kejì.

Àwọn méjèèjì da omi títí oòrùn fi yí. Níkẹyìn Señor Tejeda fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀ tó rin díẹ̀, ó wo sánmà tó mọ́ kedere.

"Òjò ti pọ̀ jù," ló wí. "Eré dúró."

Omi náà kò tó ẹyẹlé wẹ̀.

Don Gildo kú ní oṣù kejì ọdún 2006, lórí ibùsùn, ojú fèrèsé tó kọjú sí pápá. Nígbà tó kù díẹ̀, ó pe Baldomero.

"Ta ló wà ní ibùdó kẹta?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ó dáa," ló wí, ó sì kọjú sí ògiri.

A gbé pósí rẹ̀ gba orí pápá kọjá. Àwọn tó gbé e bọ́ bàtà, fádà náà bọ́ tirẹ̀ kó tó di pé wọ́n sọ fún un. Nígbà tí a dé ibi pátákó funfun, Doña Eduviges ní ká sọ pósí kalẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, pẹ̀lú ìbòrí dúdú, ó wo ọ̀nà ibùdó kẹta.

"Baldomero."

"Ìyá."

"Ó tó gẹ́ẹ́. Ìwọ ni mo lè pè tó máa dáhùn. Máa bọ̀ nílé."

Ó ń bọ̀. Ẹni tí àwọn ará etíkun kò lè mú rí fi ọ̀pá tilẹ̀ rìn ín, ó dúró lẹ́ẹ̀mejì kó mí. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kan pátákó, Doña Eduviges na ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ gbọrọ, bí rẹfirí ṣe ń ṣe fún ẹni tó dé láyọ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìyá náà kò sọ ọwọ́ náà kalẹ̀, Baldomero sì wọ àárín rẹ̀, ó sunkún bí ọmọ ọdún márùn-ún. San Telmo borí, márùn-ún sí mẹ́rin, ní ọdún kejìdínlọ́gbọ̀n.

Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó lọ sí San Telmo. Baldomero Cházaro wà láàyè, nínú ilé aláwọ̀ búlúù tó wà lẹ́yìn ibùdó kẹta, yóò jẹ́rìí sí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó dá yín lóhùn, ẹ bọ́ bàtà.