Omi Tí Bọ̀dá Dígí Fi Ń Fọ Ríìmù

Wọ́n ní mo máa ń sọ̀rọ̀ jù. Mo mọ̀. Ẹni tó ń ránṣọ lẹ́bàá títì láti àárọ̀ dalẹ́, ojú rẹ̀ á rí, ẹnu rẹ̀ náà á sì wí. Ibi tí ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà yìí, bí mo bá ti gbójú sókè, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mò ń wò lọ́ọ̀ọ́kán. Fọkanáísà ni: ó ń lẹ táyà, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, ọwọ́ rẹ̀ sì le ju ti ọkùnrin mẹ́ta lọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ti ń fọ alùpùpù.

Ọkọ rẹ̀ yìí ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Dígí. Èmi ò jẹ́ rí i fín. Bọ̀dá Dígí ni mò ń pè é. Bí ó bá bá ọ fọ ríìmù alùpùpù rẹ tán, pàápàá ríìmù alọ́ì, àwọn tó nípọn tí kò ní wáyà yẹn, wàá rí eyín ara rẹ níbẹ̀. Mo fojú ara mi rí ọkùnrin kan tó lóṣòó síwájú ríìmù, tó ń yọ oúnjẹ léyín.

Ṣùgbọ́n kí Bọ̀dá tó dépò yìí, ojú rẹ̀ rí màbo. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi fọ ìkòkò irin ńláńlá nílé iṣẹ́ bísíkíìtì. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, wọ́n ní kí oníkálukú máa lọ sílé. Bọ̀dá wálé, ó jókòó sórí àga onígi kan létí fèrèsé, oṣù mẹ́jọ ló sì lò níbẹ̀. Bí a bá kí i, á dáhùn. Bí a bá gbóúnjẹ fún un, á jẹ. Àmọ́ ọkùnrin tí ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá yìí, kò ṣe ẹ̀fẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n mi á ti ibi iṣẹ́ dé, á rí i lórí àga yẹn, á sì gba yàrá lọ nu ojú. Mo kórìíra àga náà débi pé mo fẹ́ fi dáná.

Àfi bí ó ṣe dìde lọ́jọ́ kan, tó wọ́ kẹ́ẹ̀gì ásíìdì kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ní òun fẹ́ máa fọ alùpùpù. Ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò níbi iṣẹ́ rẹ̀ ni. Á bu díẹ̀ sínú omi, á fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ríìmù, dúdú tó ń bọ́ lára búréèkì á ṣí kúrò wàràwàrà, ríìmù á máa kọ mànà. Kíá, èrò pé lé e lórí. Bọ̀dá tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Kí n má purọ́, ohùn rẹ̀ ò dára rárá, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi á dẹ́kun iṣẹ́, á máa gbọ́ ọ.

Nínú gbogbo oníbàárà rẹ̀, kò sí ẹni tó fẹ́ràn tó agbẹ̀bí tí a ń pè ní Màmá Nọ́ọ̀sì. Ọdún mẹ́sàn-án ni ẹ̀gbọ́n mi fi wojú Ọlọ́run kí ó tó bí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Màmá Nọ́ọ̀sì ló sì gbẹ̀bí rẹ̀. Nítorí náà, Sátidé kan kì í lọ kí Bọ̀dá má fọ alùpùpù rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ti àwọn tó kù, ìdérí ásíìdì kan. Tirẹ̀, ìdérí mẹ́ta.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Màmá Nọ́ọ̀sì ti alùpùpù rẹ̀ dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí táyà iwájú yìí ń rọ," ó ní. "Lánàá, obìnrin ń rọbí, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn débẹ̀. Díẹ̀ báyìí ló kù kí ọmọ ṣáájú mi dé. Ọmọ ò ní dúró de táyà o!"

Ẹ̀gbọ́n mi wá ìṣó títí, kò rí. Ó wá da omi ọṣẹ yí táyà náà ká. Ìfófòó bẹ̀rẹ̀ sí í hó jáde, kì í ṣe lára táyà, bí kò ṣe níbi tí ètè táyà ti kan ríìmù. Ó tú táyà sílẹ̀. Èmi náà ti sọdá wá nígbà yẹn. Ta ló fẹ́ kí wọ́n ròyìn fún òun? Lẹ́búlẹ́bú funfun kún etí ríìmù nínú, bí ẹni pé wọ́n wọ́n ṣọ́ọ̀kì sí i. Ẹ̀gbọ́n mi fi èékánná ha á. Abẹ́ rẹ̀ ti jẹ, ó rí jágajàga. Ìta ń dán gbinrin, inú ti bàjẹ́.

Ó wo ríìmù. Ó wo kẹ́ẹ̀gì. Ó wo ọkọ rẹ̀ tó ń kọrin. Ó ti yé e, ó sì ti yé èmi náà. Ohun tí ìkòkò irin gbà, alọ́ì ò lè gbà á. Ásíìdì yẹn ti bó ọ̀dà tó dáàbò bò ó, ó sì ti wọ inú etí rẹ̀ lọ, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi fa àkísà bo ríìmù náà. "Mà, ẹ lọ sinmi ní ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi."

Bí Màmá ṣe sọdá báyìí, mo yọ́ ọ̀rọ̀ sọ: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ fún wọn!"

"Panu mọ́."

"Bí táyà yẹn bá rọ lórí eré ńkọ́? Bí Màmá bá ṣubú ńkọ́?"

"Ṣé mo ní wọn ò ní gbọ́ ni?" Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Oṣù mẹ́jọ ni mo fi wo ọkọ mi lórí àga. Mi ò lè fi ẹnu ara mi dá a padà síbẹ̀."

Mo dákẹ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́.

Ó ṣa èérún ríìmù alọ́ì kan nínú òkìtì pàǹtí rẹ̀, ó gbé e tọ ọkọ rẹ̀ lọ. "Olówó orí mi, ẹ bá mi rẹ eléyìí sínú omi yín títí ẹ ó fi jẹun tán."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ ṣáà bá mi rẹ ẹ́."

Bọ̀dá rẹ́rìn-ín. Nítorí pé ìyàwó rẹ̀ ni, ìdérí mẹ́ta ló bù sínú omi díẹ̀, ó sì lọ jẹun ọ̀sán. Nígbà tó dé, omi inú ike ń hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Ó fi ẹ̀mú fa èérún náà jáde, ó ṣàn án, ó fi àtàǹpàkò ra á: ó ti jẹ jágajàga. Orin dúró. Ó rìn lọ síbi ríìmù tí wọ́n bò, ó ká àkísà kúrò. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún un.

Mo ní ilé ni yóò gbà lọ. Ó ṣí fìlà, ó sọdá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi.

"Màmá, èmi ni mo ba ríìmù yín jẹ́. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ràn jù, ẹ̀yin náà ni mo sì bu ásíìdì fún jù."

Oníbàárà méjì tó ń dúró gbọ́. Ọ̀kan rọra ti alùpùpù rẹ̀ lọ.

Màmá Nọ́ọ̀sì wò ó. "Ṣé ẹ mọ̀ pé yóò jẹ ẹ́ ni?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Ó dáa. Báwo ni mo ṣe máa dé ọ̀dọ̀ aboyún lọ́la?"

Bọ̀dá lọ tú ẹsẹ̀ iwájú alùpùpù tirẹ̀, irú kan náà ni òun àti ti Màmá. Ẹni tó ń fọ ti gbogbo ayé, kì í ráyè fọ tirẹ̀. Ẹrẹ̀ ti gan mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fi omi lásán fọ̀ ọ́, etí rẹ̀ jọ̀lọ̀ ni. Ó fi táyà sí i, ó dè é mọ́ alùpùpù Màmá, Màmá sì gùn ún lọ. Bọ̀dá gbé imú alùpùpù tirẹ̀ lé òkúta, ó dé kẹ́ẹ̀gì pinpin, ó sì gba ilé lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo yà sílé wọn. Àga ò sí létí fèrèsé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi sáré dé títì, a bá Bọ̀dá lórí àga náà. Áà, ó tún ti jókòó!

Àfi ìgbà tí mo súnmọ́ ọn. Ríìmù kan wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, abọ́ omi ọṣẹ lápá ọ̀tún, omi lásán lápá òsì, ìda tí wọ́n fi ń kun mọ́tò lórí itan. Àgékù aṣọ tèmi, tí kò tọrọ, ló fi ń nu omi kúrò ní kọ̀rọ̀kọ́rọ́ ríìmù.

"Dígí, ṣe é kíákíá," oníbàárà kan pariwo.

"Kò sí kíákíá mọ́. Fífọ̀ ò pẹ́, nínù ló ń pẹ́. Bí omi bá sùn sí i, á jẹ ẹ́. Dúró, àbí kó o máa lọ."

Ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ìyàwó mi, àga yìí ṣe wẹ́kú iṣẹ́ o! Oṣù mẹ́jọ tí mo fi jókòó lé e, o ò sọ fún mi."

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó di ẹkún. Mo kígbe mọ́ Bọ̀dá nítorí àgékù aṣọ mi, mo sì sọdá lọ kó odindi àpò kan sí i fún un. Kí n tó padà dé, ó ti bẹ̀rẹ̀ orin. Ohùn rẹ̀ ṣì burú bó ṣe burú tẹ́lẹ̀.