Bàbá Ó-Ń-Hó

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlélógójì dúró nínú òjò nítorí ife omi kan. Olùkọ́ kẹ́mísìrì tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ó-Ń-Hó ló yọjú lójú fèrèsé ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, tó rí i tí nǹkan ń hó nínú ife, tó sì figbe ta pé gáàsì ti ń jáde, kí gbogbo ènìyàn sá síta. Ọmọbìnrin rẹ̀, tó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, kò gbójú sókè. Ọ̀gá àgbà jáde tòun ti ife. Oògùn inú rírun tó máa ń hó nínú omi ni. Ó gbé e mu lójú gbogbo wọn, ó sì gùnfẹ̀.

Ó wá kìlọ̀ fún bàbá pé tó bá tún pariwo lásán, kó máa lọ sílé. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn ọmọ kò ti balẹ̀ mọ́.

Bàbá ò kúkú fi orúkọ inú ìwé pe ohunkóhun ní kíláàsì kẹ́mísìrì. Nǹkan méjì tó di ọ̀kan, ìgbéyàwó ni. Ọ̀kan tó túká, ìkọ̀sílẹ̀ ni. Èyí tó lágbára tó wọlé lé èyí tí kò lágbára jáde, ọ̀rọ̀ orogún ni. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé èwo wá ni tiwọn. Ó ní ìjóná ni. Lọ́sẹ̀ yẹn, fúnra rẹ̀ ló ń se ohun tó ń jẹ.

Lọ́jọ́ kan, bàbá àti ọmọ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, ni bàbá bá dúró, ó ń fimú fínlẹ̀. Ẹnì kan ń wúkọ́ nínú ibẹ̀. Ọmọ di apá aṣọ rẹ̀ mú.

“Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo. Wọ́n á lé yín.”

“Tí wọ́n bá lé mi, mo ṣì ń mí. Ẹni tó wà nínú ibẹ̀ yẹn ńkọ́?”

Ló bá ké pé ó ń hó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín. Ó fi táì bo imú, ó ta ilẹ̀kùn nípàá, ó wọ́ ìyá agbálẹ̀ síta. Ìyá ti da ásíìdì mọ́ bílíìsì kí iṣẹ́ lè tètè yá, àdàlù náà sì ti ń tú gáàsì olóró jáde. Nígbà tí ikọ́ jẹ́ kó sọ̀rọ̀, ó ní òun ò tíì fọ ibẹ̀ tán.

Ọ̀gá àgbà ò tọrọ àforíjì. Ó ní kí wọ́n tún ilẹ̀kùn ṣe.

Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, bàbá kú lójú oorun. Níbi ìsìnkú, ọ̀gá àgbà yìí kan náà pè é ní onísùúrù. Ọmọ rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ó rántí bí bàbá ṣe máa ń dúró lẹ́nu yàrá kọ̀ọ̀kan láàárọ̀, tí yóò rọra fimú fínlẹ̀, kó tó gbà pé ilé jí ire.

Ìwọ tó ń kà á, dìde. Lọ wo àwọn ìgò tó o kó jọ sábẹ́ síǹkì. Yà wọ́n sọ́tọ̀ kó o tó rẹ́rìn-ín.