Oògùn Tí Kò Bá Ta

Ìṣó ilé tí wọ́n ń kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní Addo ló gún ẹ̀gbọ́n ìyá mi lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Télọ̀ ni àǹtí mi yìí; ẹsẹ̀ yẹn ni wọ́n fi ń tẹ ẹ̀rọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ojú ibẹ̀ ti wú, ó sì ń ṣọyún.

Ní àdúgbò wa, ẹni tó bá wá kí aláìsàn kì í wá lọ́wọ́ òfo, bẹ́ẹ̀ ni kò bójú mu kí aláìsàn kọ ohun tí wọ́n mú wá. Bàbá onílé gbé sípírítì dé. Ìyá ìjọ kan tú kápúsù, wọ́n da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sójú egbò bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sẹ́ran. Dẹ́rẹ́bà ilé kejì mú epo bírékì wá. Mo rọra béèrè ẹni tí epo bírékì ti wò sàn rí. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ni, àmọ́ ó ti kó lọ sí Ìbẹ̀jú. Mo ti ṣàkíyèsí pé àwọn ẹlẹ́rìí irú oògùn báyìí kì í gbé nítòsí.

Gbogbo wọn fẹnu kò sórí òfin kan: oògùn tí kò bá ta èèyàn, omi lásán ni. Láàárọ̀ ọjọ́ tí àǹtí mi ní sípírítì ò ta àwọn mọ́, bàbá onílé ní egbò ti ń jinná nìyẹn. Mo wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà, ó ti ń dúdú lọ. Mo wá mọ́tò.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ fi omi iyọ̀ fọ gbogbo ẹ̀bùn àdúgbò kúrò. Ó bu ọyún díẹ̀ ránṣẹ́ sí lábù kí wọ́n lè mọ oògùn tó máa pa kòkòrò inú rẹ̀, ó sì gún àǹtí mi lábẹ́rẹ́.

“Nọ́ọ̀sì, omi yìí ò ta mí o,” ni àǹtí mi wí. “Ṣé ẹ ò bomi là á jù?”

“Màmá, kòkòrò la fẹ́ kó ta, kì í ṣe ẹ̀yin. Tí ẹnikẹ́ni bá tún da nǹkan sí i, gígé ló kù.”

Nígbà tí a padà délé, bàbá onílé ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgò tuntun. Ta ló máa kọ nǹkan onílé? Àǹtí mi jókòó, wọ́n fa ẹsẹ̀ ọ̀tún sábẹ́ ìró, wọ́n sì na ti òsì síta.

“Èyí kọ́ ni ìṣó gún o,” bàbá onílé wí.

“Ó ti fẹ́ ràn dé ibẹ̀ ni, sà. Ẹ bá mi dá a dúró.”

Bàbá onílé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n da sípírítì sórí ẹsẹ̀ tí ohunkóhun ò ṣe.

“Ṣé ó ń ta?”

“Ó ń ta gan-an, sà.”

Wọ́n tún dà sí i.